Kẹ́náfù: bí ẹ ó ṣe rẹ ẹ́ tí fọ́nrán rẹ̀ á funfun, tí kò sì ní já

Gbígbin kẹ́náfù, igi tí wọ́n ń fi fọ́nrán inú èèpo rẹ̀ ṣe okùn àti àpò, kò le. Ẹni tó bá mọ ilá gbìn mọ kẹ́náfù gbìn, láàárín oṣù méjì ó sì ti ga ju ẹni tó gbìn ín lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí a bá gé e ni iṣẹ́ ń bàjẹ́. Ẹnì kan á rẹ ẹ́ sómi, á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ìgbà tó bá padà dé, fọ́nrán á máa já bí òwú tó ti gbó. Ẹlòmíràn á kánjú yọ ọ́, èèpo á lẹ̀ mọ́ ọn pìtìpìtì, oníbàárà á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á ní kó máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Nítorí rírẹ yìí ni mo ṣe ń kọ èyí, àmọ́ rírẹ tó dára ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ra irúgbìn.

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi mí ṣáá: ṣé hemp nìyí? Rárá o. Hemp àti igbó tí wọ́n ń mu, igi kan náà ni, Cannabis sativa. Amẹ́ríkà ya hemp sọ́tọ̀ nínú òfin àgbẹ̀ ọdún 2018: èyí tí THC inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń pa àwọn tó ń mu igbó, kò bá ju 0.3 nínú 100 lọ nígbà tó bá gbẹ ni wọ́n fọwọ́ sí. Ti Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin igbó ti ọdún 1966 kan gbogbo ìdílé cannabis, kò yọ èyíkéyìí sílẹ̀. Ẹni tó bá lọ ra irúgbìn hemp lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó gbìn ín sí Ìsẹ́yìn, àwọn NDLEA ni yóò bá a kórè rẹ̀. Kẹ́náfù ní tirẹ̀, ọmọ ìyá ilá àti ìṣápá ni. Okùn, àpò ìdọ̀họ, ẹní àti ìwé ni wọ́n ń fi ṣe, kò sì sí òfin tó dè é.

Ohun tí ẹ nílò

- Irúgbìn kílò 4 sí 5 fún éékà kan.
- Ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí, tí ẹ kò gbin ilá, tòmátò tàbí ewédú sí ní ọdún tó kọjá. Àwọn aràn wínníwínní kan wà nínú ilẹ̀ tó ń mú kí gbòǹgbò wọn wú kókókókó. Kẹ́náfù pẹ̀lú ni wọ́n ń jẹ.
- Ajílẹ̀ NPK 15-15-15 àpò kan àti ààbọ̀, àti yúríà ìdajì àpò, fún éékà kan.
- Àdá mímú, ìbọ̀wọ́ aláwọ, bàtà róbà tó dé orókún.
- Omi. Mo máa sọ iye rẹ̀ níwájú.
- Ọ̀rá nínípọn irú èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù orí ọkọ̀, bí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ kòtò.
- Ọparun fún sísá, òṣùwọ̀n, àti ibi tí òjò kò ti lè dé.
- Oníbàárà. Ẹ má fi èyí sẹ́yìn. Ẹ lọ bá àwọn tó ń lọ́ okùn, àwọn tó ń hun báàgì àti ẹní, kí ẹ béèrè irú fọ́nrán tí wọ́n ń rà àti bó ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó. Ẹni tó gbìn kó tó wá ọjà, iye tí wọ́n bá dá lé e ni yóò gbà.

1. Ẹ dán irúgbìn wò

Òróró wà nínú irúgbìn kẹ́náfù, òróró yìí ló sì ń pa á. Bó bá lo ọdún kan nínú àpò, nínú yàrá tó móoru, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti kú, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gbin éékà kan tí wọ́n ń rí ìdajì.

Ibi tó dára jù láti rà á ni IAR&T, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Moor Plantation ní Ìbàdàn. Àwọn ni iṣẹ́ ìwádìí kẹ́náfù fún gbogbo Nàìjíríà wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ béèrè irú tí wọ́n ń pè ní Ifeken 400, Ifeken 100 tàbí Cuba 108. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Irú kẹ́náfù kan wà tí ewé rẹ̀ là bí ìka ọwọ́, tó jọ ewé igbó tó fi jẹ́ pé ìyẹn ni àwọn onímọ̀ wò tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Hibiscus cannabinus. Ọlọ́pàá tó bá dúró létí títì kò ní kọ́kọ́ ronú kan ìṣápá. Ẹ jẹ́ kí baálẹ̀ àti òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín mọ ohun tó wà lóko yín kó tó ga.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú gbígbìn, ẹ ka kóró 100. Ẹ tẹ́ aṣọ òwú tútù sínú abọ́, ẹ tò wọ́n sí i, ẹ ká aṣọ náà bò wọ́n, kí ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ ka iye tó yọ gbòǹgbò. Bó bá tó 80, ó dára. Bó bá wà láàárín 60 sí 79, ẹ fi ìdajì kílò kún kílò kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá tó 60, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín.

2. Ẹ gbìn ín lásìkò, kí ó sì fún pọ̀

Kẹ́náfù ń ṣọ́ gígùn ọjọ́. Nígbà tí ojúmọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, á fi gíga sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tanná. Ẹni tó bá gbìn ín ní oṣù Kẹjọ nítorí òjò ṣì ń rọ̀, igi tí kò ga ju ìbàdí lọ tó ti kún fún òdòdó ni yóò rí. Láti ìparí oṣù Kẹrin dé ìparí oṣù Karùn-ún ni kí ẹ gbìn ín níhà tiwa níbí. Mo fẹ́ràn ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ oṣù Karùn-ún jù, nítorí pé ìgbà tó bá máa tó gé, ó máa ń bọ́ sí àkókò tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Ẹni tó bá ti sá fọ́nrán tútù nínú òjò oṣù Kẹsàn-án rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ fà á ní ìlà ìlà, 30 sẹ̀ǹtímítà láàárín ìlà kan sí èkejì, 10 sẹ̀ǹtímítà láàárín igi kan sí èkejì. Kóró kò gbọ̀dọ̀ jìn ju 2 sẹ̀ǹtímítà lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í: wọ́n ń gbìn ín bí ẹni gbin ilá, igi kan níbí, igi kan lọ́hùn-ún. Tí kẹ́náfù bá rí ààyè, á ya ẹ̀ka. Ibi tí ẹ̀ka bá ti yọ, fọ́nrán á lọ́ mọ́ra, á ní kókó, ibẹ̀ ni yóò sì já. Ó gbọ́dọ̀ fún pọ̀ débi pé òkè nìkan ló máa rí ọ̀nà gbà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi igi wọn mítà kan níbùú lóròó síbi mẹ́ta nínú oko, kí ẹ ka igi tó wà nínú rẹ̀. 25 sí 35 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ibi tó bá ṣófo, ẹ tún kóró gbìn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ kẹrin, nítorí àwọn tó ti ga á ṣíji bò wọ́n.

3. Títọ́jú rẹ̀

Ẹ ro ó ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí ẹ fi NPK sí i lẹ́yìn èyí. Ẹ tún un ro ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí ẹ fi yúríà sí i. Ẹ má fi kún un nítorí pé ó ń wù yín. Yúríà tó bá pọ̀ jù ń sọ igi di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ á sì dà á dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òjìji rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń pa èpò.

Àwọn kòkòrò kékeré tó ń lu ewé ilá ní ihò, tó ń ta pọ́n-ún bí ẹ bá fọwọ́ kan ewé, á wá. Bí igi bá ti kọjá orókún, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èèpo la fẹ́ tà, kì í ṣe ewé. Bí igi bá ṣì kéré tí wọ́n sì ń jẹ ewé rẹ̀ tán, ìgbà yẹn ni kí ẹ bá òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa oògùn.

4. Gígé

Ẹ má ka ọjọ́, òdòdó ni kí ẹ wò. Òdòdó kẹ́náfù dà bíi ti ilá gẹ́ẹ́: ó funfun bí wàrà tàbí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ọ̀fun rẹ̀ sì dúdú bí ìgbà tí wáìnì bá ta sí i. Ọjọ́ tí ìdajì igi oko yín bá ti tanná ni kí ẹ pọ́n àdá. Bí ẹ bá gé e ṣáájú, fọ́nrán rẹ̀ rọ̀ àmọ́ kò níwọ̀n. Bí ẹ bá dúró títí tó fi so èso, èèpo á le, ẹ ó rẹ ẹ́ títí, kò ní dọ́gba.

Ẹ gé e mọ́ ilẹ̀ pátápátá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí ẹ̀gún tín-ín-tìn-ìn-tín wà lára rẹ̀ tí ẹ kò ní rí títí dìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹun lálẹ́. Ẹ ya igi nínípọn sọ́tọ̀, ẹ ya tínínrín sọ́tọ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju bó ṣe dà létí lọ: tínínrín á ti rẹ̀ tán nígbà tí nínípọn ṣì le, tí ẹ bá sì pò wọ́n sínú ìdì kan, ọ̀kan ń jẹrà, ọ̀kan ń di èèpo mú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ wọn ìdì kan lórí òṣùwọ̀n kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú 100 kílò igi tútù tí a ti já ewé rẹ̀ kúrò, nǹkan bí kílò 5 fọ́nrán gbígbẹ ló máa ń jáde. Ìdì 20 kílò, kílò 1. Ìṣirò yìí ni kí ẹ gbé lọ bá oníbàárà, ẹ má gbé gíga oko lọ.

5. Rírẹ

Ẹ wo obìnrin tó ń ṣe fùfú. Kì í wo kàlẹ́ńdà. Ó ń ti ọwọ́ bọ inú omi, ó ń tẹ ẹ̀gẹ́ wò, bó bá ti rọ̀ bó ṣe fẹ́, ó yọ ọ́. Iṣẹ́ kan náà nìyí. Kòkòrò àìfojúrí inú omi ló ń jẹ àtè tó lẹ fọ́nrán mọ́ èèpo àti mọ́ igi. Bí wọ́n bá jẹ àtè náà tán tí ẹ kò yọ ọ́, fọ́nrán gan-an ni wọ́n máa kọjú sí. Nínú ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí ẹ fi rẹ ẹ́, ọjọ́ kan tàbí méjì péré ni ó ń wà ní ipò tó dára. Ọjọ́ yẹn la ń ṣọ́.

Ọ̀nà méjì ló wà.

*Rírẹ odindi igi.* Ó bá ẹni tó ní ọ̀gọ̀dọ̀ ńlá tàbí odò tó ń rìn jẹ́jẹ́ mu. Ẹ to igi jọ lóko fún ọjọ́ 2 tàbí 3 kí ewé rẹ̀ gbọ̀n, ẹ dì í ní ìdì tó nípọn tó itan àgbàlagbà, kí ẹ so ó ní ẹ̀ẹ̀mejì láìfún un jù. Ìdí igi nípọn ju orí rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gbé ìdì dúró ní òòró, kí ìdí rẹ̀ nìkan wà nínú omi tó jìn tó orókún fún ọjọ́ 3. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sómi. Omi tí kò ṣàn gbọ́dọ̀ pọ̀, ó kéré tán lítà 20 fún kílò igi 1. Ó máa ń gba ọjọ́ 10 sí 20.

*Rírẹ èèpo nìkan.* Èyí ni mo fẹ́ràn fún ọ̀pọ̀ wa, nítorí omi wa kò tó. Ẹ já ewé kúrò, ẹ lu ìdí igi pẹ̀lú òǹdó igi títí tó fi là, ẹ fa èèpo kúrò lára igi láti ìdí lọ sókè. Ọjọ́ tí ẹ gé e gan-an ni kí ẹ bó o. Bó bá sùn mọ́jú, á gbẹ mọ́ igi, kò ní ṣeé fà. Ẹ gbẹ́ kòtò gígùn mítà 2, fífẹ̀ mítà 1, jíjìn mítà 1, ẹ tẹ́ ọ̀rá sínú rẹ̀. Ẹ bu omi lítà 1,500 sí i. Èèpo tútù 150 kílò ni kí ẹ kó sínú rẹ̀, ìyẹn lítà 10 fún kílò 1. Ọjọ́ 6 sí 10 ló máa ń gbà. Bí ẹ bá ti rẹ èyí àkọ́kọ́ tán, ẹ tọ́jú omi rẹ̀ bíi korobá méjì, kí ẹ dà á sínú omi tuntun. Á yá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:

Ẹrẹ̀ àti ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tó bá wà nítòsí ni wọ́n máa ń fi tẹ ìdì mọ́lẹ̀ kó má bàa léfòó. Ẹrẹ̀ àti ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń sọ fọ́nrán di dúdú, kò sí fífọ̀ tó máa gbà á padà. Irin tó ti dípẹtà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọparun gbígbẹ ni kí ẹ tẹ́ lórí rẹ̀, kí ẹ gbé òkúta odò lé e. Omi gbọ́dọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan ẹrẹ̀.

Odò tí àwọn èèyàn ń pọn. Omi tí a fi rẹ kẹ́náfù ń rùn, ó ń gba atẹ́gùn tó yẹ kí ẹja mí. Ẹja á kú, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ lábúlé. Kòtò ni kí ẹ lò bí kò bá sí ọ̀gọ̀dọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í lò.

Ẹsẹ̀ lásán nínú omi. Omi tí kò ṣàn ni wọ́n ti ń kó àtọ̀sí ajá. Ẹ wọ bàtà róbà.

Ìrìn àjò. Èyí ni tèmi. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo yẹ èèpo wò ní ọjọ́ keje, ó ku díẹ̀. Mo ní kò burú, mo gba ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ mi lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ kan ni mo ní lọ́kàn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò. Ìgbà tí mo dé, mo fa fọ́nrán kan láàárín ọwọ́ méjì, kò tilẹ̀ dún tó fi já. Gbogbo kòtò náà, ọmọ adìyẹ ni mo tẹ́ ẹ fún. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti kó nǹkan sómi, ẹni tó bá ń ṣe ìnáwó á gba owó lọ́wọ́ mi, kò ní rí ojú mi.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ti èèpo, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ karùn-ún. Ti odindi igi, láti ọjọ́ kẹjọ. Láràárọ̀ ni. Ẹ má mú èyí tó wà lókè, àárín ìdì ni kí ẹ ti fà á, kí ẹ sì wo ìhà ìdí rẹ̀. Ẹ ra á láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nínú omi. Bí èèpo aláwọ̀ ewé bá yọ́ kúrò bí ọṣẹ, tí fọ́nrán sì yà sí wẹ́wẹ́ bí irun, ẹ wá fà á láàárín ọwọ́ méjì. Ó gbọ́dọ̀ ro yín lọ́wọ́ kó tó já. Bí èèpo bá ṣì dì mọ́ ọn, ó ku díẹ̀. Ẹ padà wá ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má dúró di àárọ̀ ọ̀la. Bó bá já bẹ́lẹ́jẹ́, ẹ ti pẹ́. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wo ohun tí ẹ lè rí gbà níbẹ̀.

6. Fífọ̀ àti sísá

Omi mímọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, omi míràn, kì í ṣe èyí tí ẹ fi rẹ ẹ́. Ẹ di ìdí rẹ̀ mú, ẹ máa jù ú síwá sẹ́yìn nínú omi títí ìdọ̀tí yóò fi kúrò. Ẹ má lù ú mọ́ òkúta bí ẹni ń fọ ṣòkòtò. Fọ́nrán á ta kókó, yíya rẹ̀ á sì di iṣẹ́ míràn. Ẹ fún un, ẹ sá a sórí ọparun. Wáyà aṣọ tó ti dípẹtà á fi àmì pupa sí i, ilẹ̀ sì ń fi iyanrìn kún un. Oòrùn ọjọ́ 2 tàbí 3 tó o. Ẹ kó o wọlé lálẹ́ nítorí ìrì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ wọn ìdì kan ní ìrọ̀lẹ́, ẹ sá a lọ́jọ́ kejì, ẹ tún un wọn. Bí ìwọ̀n kò bá yí padà, ó ti gbẹ. Bó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, ẹ má tíì dì í, nítorí èbu á bò ó nínú àpò, oníbàárà á sì gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó rí i.

7. Yíyà sọ́tọ̀ àti ohun tó kù

Ẹ ya fọ́nrán sí mẹ́ta: èyí tó gùn tó funfun, èyí tó gùn tó pọ́n, àti gígé. Ẹ má fi gígé pamọ́ sáàárín ìdì funfun. Ẹni tó ń lọ́ okùn á tú u lójú yín. Ẹ di kálukú lọ́tọ̀, kí ẹ tò ó sórí pákó, jìnnà sí iná, nítorí bó ṣe ń jó kò ṣeé fẹnu sọ.

Igi inú rẹ̀ tó funfun tó sì fúyẹ́, ẹ má jó o dànù. Bí ẹ bá gé e wẹ́wẹ́, ó ń fa omi mu dáadáa, àwọn olùsìn adìyẹ sì lè tẹ́ ẹ sábẹ́ adìyẹ dípò ìdọ̀tí pákó. Omi kòtò, orí ilẹ̀ oko ni kí ẹ dà á sí, kì í ṣe ojú odò.

Irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ kò sí nínú oko tí ẹ gé yìí. Ẹ gbin igun kékeré kan lọ́tọ̀ ní ìparí oṣù Keje tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, kí igi rẹ̀ fara jìnnà síra wọn díẹ̀. Kò ní ga, kò sì sí ohun tó kàn wá pẹ̀lú gíga rẹ̀. Oṣù Kọkànlá sí Kejìlá ni èso rẹ̀ á gbẹ, nígbà tí òjò ti lọ. Ẹ pa á kúrò nínú pádi, ẹ sá a, kí ẹ rọ ọ́ sínú ike tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Ní oṣù Kẹrin, kóró 100, aṣọ tútù, ọjọ́ márùn-ún.